Ìkógòsì Ló Lómi, Jámánì Ló Mọ̀ Ọ́n Tà

"Ẹ rọra o, Màmá. Òkúta yẹn ń yọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú àlejò kiri náà na ọwọ́, obìnrin náà sì dì í mú gírígírí. Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi, ó fi òsì tẹ̀ lé e. Ló bá figbe bọnu: "Yéè! Ẹ wá wò ó o! Ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù!" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró létí omi bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè, ó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Báàgì ni obìnrin yìí ń tà ní Apọ́ngbọ̀n, l'Ékòó. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àjọ ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá ń dá láti ọdún gbọọrọ. Nígbà tí iná jó ọjà abẹ́ afárá ní Apọ́ngbọ̀n ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tí ìjọba ti afárá Èkó pa, tí wọ́n sì ní kí oníṣòwò kó kúrò lábẹ́ rẹ̀, àjọ yẹn ló gbé àwọn kan nínú wọn dìde. Wọ́n wá pinnu pé kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni kí àwọn máa ná owó ẹgbẹ́. Wọ́n gba bọ́ọ̀sì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti kúrò l'Ékòó. Wọ́n gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà, wọ́n ya ní Ìwárájà, wọ́n gun òkè Ẹ̀fọ̀n, wọ́n sọ̀ sí Àrámọ̀kọ, kí wọ́n tó wá gba ọ̀nà Erínjìyàn dé Ìkógòsì-Èkìtì.

Fún àwọn yòókù, ìgbafẹ́ ni. Orúnkún ló gbé tirẹ̀ wá. "Dókítà ní kí n dín ìdúró kù," ó ní. "Ta ni yóò máa bá mi dúró ta ọjà? Wọ́n ní omi yìí ń wo làkúrègbé. Mo ní kí n fojú ara mi rí i."

Ó dúró nínú omi títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ya fọ́tò. Ó bu omi kún ike kan, ó dé e, ó fi í sínú báàgì. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bí orúnkún náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó wọn ìfúnpá rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò nínú omi tàbí ìgbà tó yẹ kó padà wá. Bọ́ọ̀sì fun fèrè, ó di Èkó.

Ní Jámánì, obìnrin tó bá ní irú orúnkún yìí lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní ìlú kékeré kan tí kò ní omi gbígbóná rárá nígbà tó kọ́kọ́ di olókìkí. Wọ́n á fún un ní ìwé tí wọ́n kọ wákàtí ìwẹ̀, wákàtí ìfọwọ́ra àti wákàtí ìrìn sí. Iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera rẹ̀ ni yóò san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ìlú tó gbà á lálejò yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní alaalẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì yìí kò sí nínú omi.

Ìyàwó méjì àti ọdẹ kan

Ìkógòsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, láàárín àwọn òkè tó so Èkìtì mọ́ Ìjẹ̀ṣà. Ilẹ̀ kòkó ni, ilẹ̀ obì ni, ilẹ̀ igi gẹdú ni pẹ̀lú. Ibi tí omi wà tutù ju àárín ìlú lọ, nítorí igi ńlá ńlá ti fi ewé bo orí rẹ̀ bámúbámú. Omi gbígbóná ń sun láti ẹsẹ̀ òkè, ó ń gba àárín òkúta kọjá. Omi tútù ń ti ọ̀nà tirẹ̀ bọ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n sì jọ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pò pọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ti ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi méjì, tí wọ́n sì ń pariwo.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú ni pé ọdẹ kan ló fẹ́ ìyàwó méjì. Ọ̀kan jẹ́ oníwà tútù, èkejì gbóná bí ajere. Ìjà wọn kò tán títí wọ́n fi di omi. Onínúfùfù di omi gbígbóná, ìyàwó kejì di omi tútù. Ìtàn náà ní oríṣiríṣi ẹ̀yà, àmọ́ nínú èyí tí àwọn amúnikiri fẹ́ràn jù, ọkọ alára di òkè tó ń wo àwọn méjèèjì láti ọ̀ọ́kán. Kò sí ẹ̀yà kankan tó sọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe láti parí ìjà kó tó lọ di òkè.

Kí àlejò tó máa wá, ojúbọ ni omi yìí. Àwọn àgbà ìlú kan ṣì máa ń kí i kí wọ́n tó bu ú. "Bàbá mi kì í fi ọṣẹ wẹ̀ ní orísun," bàbá kan tó ti gbé Ìkógòsì láti kékeré sọ. "Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wẹ̀. Òkè ibí, tí omi ti ń jáde, ẹnu ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀."

Àádọ́rin àbí méjìdínlógójì?

Bí ẹ bá bi amúnikiri bí omi náà ṣe gbóná tó, yóò dáhùn láìfi bọpo bọyọ̀ pé ó jẹ́ 70°C ní orísun, ó sì jẹ́ 37°C níbi tí omi méjèèjì ti pàdé. Ohun tó wà nínú ìwé ìpolówó náà nìyẹn. Ìwé ìròyìn ti tún un sọ títí ó fi di òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọdé tó jókòó sí ẹnu orísun náà. Omi tó bá gbóná dé 70°C yóò bó ènìyàn lára kó tó sọ pé yéè. Kò sí ọmọ tí yóò jókòó sínú rẹ̀, kò sì sí ìyá tí yóò gbà á láyè. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ti wọn omi náà láti ìparí àwọn ọdún 1960 wá rí nǹkan bíi 38°C ní orísun. Ooru ara ènìyàn tó ní ibà díẹ̀ nìyẹn.

Èyí kò yẹ kó dun ẹnikẹ́ni ní Ìkógòsì. Onímọ̀ físíò kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba l'Ékòó ní èyí tó jẹ́ òótọ́ ló wúlò jù. "Adágún tí a fi ń tọ́jú oríkèé, ìwọ̀n 33 sí 36 la máa ń fẹ́," ó ní. "Tí omi bá ti ń jáde láti inú ilẹ̀ ní 38, tó ń tutù díẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń ṣàn, Ọlọ́run ti bá wọn ṣe iṣẹ́ tí àwa ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní àádọ́rin?"

Kò sì fi ibẹ̀ mọ. Ó ní omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń mú iṣan rọ̀, ó ń gbé ìwúwo ara kúrò lórí orúnkún, kí aláìsàn lè ṣe ìdárayá tí kò lè ṣe lórí ilẹ̀. Ó ń dín ìrora kù. Kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í wo àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó wọ̀ ọ́. "Àwọn tó ń fi ike gbé e lọ sílé," ó ní, ó rẹ́rìn-ín, "kí wọ́n tó dé Ìbàdàn ó ti tutù."

Ooru abẹ́ ilẹ̀

Kò sí òkè oníná ní Èkìtì. Ohun tó ń mú omi náà gbóná kò ju pé abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbóná. Lọ́pọ̀ ibi láyé, bí a bá gbẹ́lẹ̀ dé kìlómítà kan, ooru ibẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi 25 sí 30°C ju ti òkè lọ. Òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè wọ̀nyí ń gba àárín àpáta tó ti sán wọlẹ̀, ó ń rìn jìnnà nísàlẹ̀, ó ń gbóná, ó sì tún ń gba sísán mìíràn jáde kí ó tó ráyè tutù. Àpáta líle funfun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite, tó nà gbọọrọ láti ìhà Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n, ni ó la ọ̀nà fún un. Òkè kan náà ló fún Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní omi Olúmirìn tó ń já wálẹ̀, tó sì fún Ìpólé-Ìlórò tó wà nítòsí Ìkógòsì ní Àrìnta.

Ìkógòsì nìkan kọ́ ló ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Omi Wikki tó wà nínú ọgbà ẹranko Yankari ní Bauchi máa ń wà ní nǹkan bíi 31°C tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ruwan Zafi ní Adamawa àti Akiri ní Nasarawa gbóná ju 50°C lọ, wọ́n ju ti Ìkógòsì lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ gbígbóná nìkan la fẹ́ fi yangàn, a ti pàdánù. Omi tútù tó sún mọ́ omi gbígbóná tó bẹ́ẹ̀, tí ẹsẹ̀ ènìyàn kan lè wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ni èyí tí wọn kò ní.

Ọwọ́ dé ọwọ́

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé àlejò lè máa wá síbẹ̀ láti sinmi ni John McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ló sọ ibẹ̀ di ibùdó fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Wọ́n kọ́ ilé kéékèèké sáàárín igi, wọ́n gbẹ́ adágún tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, omi gbígbóná náà ni wọ́n sì darí wọ inú rẹ̀. Ìwé ìtàn púpọ̀ sọ pé òun ló "ṣàwárí" omi náà, bí ẹni pé àwọn tó ń bọ ọ́ kò mọ ibi tó wà.

Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, gba ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni àyànmọ́ omi náà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lórí àléfà. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Iléeṣẹ́ UAC Foods rọ omi ibẹ̀ sínú ike, wọ́n sọ ọ́ ní Gossy, àwọn tó ń ta omi tútù ní Apọ́ngbọ̀n àti Ìdúmọ̀tà sì tà á nígbà kan. Ọ̀pọ̀ tó mu ún kò mọ̀ pé orúkọ ìlú kan ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀.

Lásìkò Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín ọdún 2010 sí 2014, ìjọba tún ibẹ̀ kọ́: ilé tuntun, gbọ̀ngàn ìpàdé, iná, ọ̀nà ẹsẹ̀. Ìpàdé ńlá ńlá wáyé níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba yí padà, ojú ibẹ̀ ṣá díẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Fáyẹmí padà dé lọ́dún 2018, wọ́n gbé e lé iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti máa bójú tó o. Ó tún ń dán báyìí. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó tuntun ń wá, ilé ìjọsìn àti iléeṣẹ́ ń wá ṣe ìpàdé, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi bọ́ọ̀sì dé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé: "Tí gómìnà tuntun bá dé, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó fẹ́ràn omi."

Àlùfáà Wörishofen

Ní ọdún 1849, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà ka ìwé àtijọ́ kan nípa fífi omi tútù wo àrùn. Sebastian Kneipp lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ahunṣọ ni, kò sì lówó dókítà. Nínú òtútù, ó lọ sí odò Danube, ó bẹ́ sínú rẹ̀, ó yára jáde, ó sáré lọ sílé. Ó ṣe é léraléra. Ara rẹ̀ yá. Ó di àlùfáà ìjọ Àgùdà, wọ́n sì rán an lọ́dún 1855 sí Wörishofen ní Bavaria, ní Jámánì, abúlé àgbẹ̀ tó wá di ìlú kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kó máa ṣe àlùfáà fún àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó wà níbẹ̀.

Omi Wörishofen kò ní nǹkan kan lára. Kò gbóná, kò ní iyọ̀, kò ní ìtàn ìyàwó méjì. Kneipp bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí àwọn aláìsàn lẹ́sẹ̀ àti lápá, ó ní kí wọ́n máa rìn nínú omi tó dé ojúgun, kí wọ́n máa rìn lórí koríko tó ní ìrì láìwọ bàtà, kí wọ́n jẹ oúnjẹ tí kò nira, kí wọ́n máa lo ewé àti egbò. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1886. Ìwé náà tà wàràwàrà, àwọn èèyàn sì ya wá sí abúlé náà láti gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tó fi máa kú lọ́dún 1897, abúlé àgbẹ̀ ti di ìlú ilé ìtura àti ilé ìwẹ̀. Lọ́dún 1920, ìjọba gbà kó máa jẹ́ Bad Wörishofen.

"Bad" yẹn, tó dúró fún ibi ìwẹ̀, kì í ṣe ohun tí ìlú ń fi síwájú orúkọ ara rẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fúnni. Kí ìlú tó gbà á, wọ́n ní láti yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ohun tó fi ń tọ́jú aláìsàn wò, kí dókítà tó mọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, kí ọgbà àti ibi ìrìn wà. Bí omi bá wà tí wọ́n ní ó ń woni sàn, wọ́n á tú ohun tó wà nínú rẹ̀ palẹ̀, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ síta. Kò sí amúnikiri tó lè fi ẹnu sọ 38 di 70.

Ohun méjì ló wá gbé àwọn ìlú báyìí dúró. Èkíní ni òfin ìdójútòfò ìlera tí Bismarck, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, mú jáde lọ́dún 1883, tó ń gbòòrò sí i títí ó fi di pé òṣìṣẹ́ tí ẹ̀yìn ń dùn lè lọ sí ìlú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìfi owó ara rẹ̀ san gbogbo rẹ̀. Èkejì ni owó tí àlejò ń san fún ìlú ní alaalẹ́ tó bá sùn níbẹ̀, Kurtaxe ni wọ́n ń pè é. Owó kékeré ni. Káàdì kan ni wọ́n fi ń fún àlejò, ó lè fi wọ bọ́ọ̀sì ìlú tàbí kó fi gbọ́ orin nínú ọgbà. Owó náà kì í bọ́ sọ́wọ́ onílé ìtura. Ìlú ló ni ín, ara òdòdó, ara ìjókòó etí ọ̀nà àti ara akọrin ni wọ́n sì ń ná an sí.

Kì í ṣe pé Jámánì ti wá dọ́run. Lọ́dún 1997, ìjọba gé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́ta, wọ́n fi kún iye tí aláìsàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ san láti máàkì (owó Jámánì ìgbà náà) 12 sí 25 lóòjọ́, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá ti lọ dúró ọdún mẹ́rin dípò mẹ́ta kó tó tún lọ. Iye àlejò já wálẹ̀ gidigidi. Ilé ìwòsàn ti ilẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé. Àwọn ìlú kan kò padà bọ̀ sípò títí di òní. Ìlú tó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé owó ìjọba, ìyà ló ń jẹ ẹ́ nígbà tí ìjọba bá fa ọwọ́ sẹ́yìn, ìbáà jẹ́ ní Bavaria tàbí l'Ékìtì.

Òkè kan náà, ìjọ mìíràn

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá kò ní àṣà kí wọ́n rin ìrìn-àjò lọ wẹ̀ nítorí ìlera. Irọ́ ni. Ẹ̀bá Ìkógòsì gan-an ni ẹ̀rí wà.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì tó ti wa katakátá ìjọba tí wọ́n fi ń la ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Àwọn èèyàn gbé garawa, akèrègbè àti kẹ́tùlù wá kí ó gbàdúrà sí omi. Wọ́n mu ún, wọ́n fi í wẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé. Wọ́n wá láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti ibi tó jìnnà, ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fi rìn. Lẹ́yìn náà ni Babalọlá lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ìlú tí bọ́ọ̀sì àwọn ará Apọ́ngbọ̀n ń gbà kọjá lọ sí Ìkógòsì. Nígbà tó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí, àwọn ọmọ ìjọ sì ń lọ síbẹ̀ títí di òní.

Ẹ fi í wé ti Kneipp: àlùfáà kan, omi lásán, ọ̀pọ̀ aláìsàn tí kò lówó dókítà. Ìgbàgbọ́ ló fa ti Iléṣà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó máa fi òṣùwọ̀n wọn ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tó ń wá ìwòsàn lọ́dọ̀ omi kò fìgbà kan wọ́n nílẹ̀ wa. Wọ́n ń lọ sí Òṣogbo lọ bu omi Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ń gun orí òkè àdúrà pẹ̀lú ike lọ́wọ́. Obìnrin alábáàgì yẹn ti ní irú omi mẹ́ta nílé kó tó dé Ìkógòsì. Àwọn tó ń ta Ìkógòsì ni kò rí i. Olówó tó fẹ́ ṣe ìsinmi ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì gbàgbé arúgbó tí orúnkún ń dùn, ẹni tó ní ìdí láti padà wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ̀yìn géètì

Ìlú Ìkógòsì wà lẹ́yìn géètì. Àlejò máa ń kọjá láàárín rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti fèrèsé nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì máa ń tún un kọjá lọ́jọ́ kejì. Oúnjẹ wà nínú ọgbà, ibùsùn wà nínú ọgbà. Ìyá tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà létí títì sọ pé bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni òun ń retí: "Ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ̀ kalẹ̀ ra nǹkan. Àwọn tó gbé jíìpù, wọ́n á kàn juwọ́ sí wa."

Àgbẹ̀ kan tó ń gbin kòkó kò tilẹ̀ bínú. Ó ní owó kòkó dára ju owó àlejò lọ láàárín ọdún mélòó kan yìí, ọkọ̀ sì ń wá gbé e ní ẹnu ọ̀nà òun. Ohun tó kàn fẹ́ mọ̀ ni èló nínú owó ìwọlé ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan nílùú. "Bí wọ́n bá ní kí àlejò kọ̀ọ̀kan san igba náírà sí i fún ìlú, ṣé yóò pa á?" Kò gbọ́ orúkọ Kurtaxe rí, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti rò ó dé ibẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń rí iṣẹ́ nínú ọgbà, bíi mímú àlejò kiri, títún yàrá ṣe, ìṣọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìjọba ni. Nígbà tí ibẹ̀ bá ti rẹ̀yìn, Adó-Èkìtì tàbí Èkó ni wọ́n ń gbà lọ. Ọ̀kan nínú àwọn amúnikiri tó mọṣẹ́ jù níbẹ̀ nígbà kan ti wà l'Ékòó báyìí, ọ̀kadà ló ń gùn.

Ọ̀nà náà tún jẹ́ ìṣòro. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì l'Ékìtì, wọ́n sì jí ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ gbé ní Èmùré lọ́jọ́ kan náà. Ìhà kejì ìpínlẹ̀ náà ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ó jìnnà sí Ìkógòsì, àmọ́ ará Èkó kò mọ ìhà kan yàtọ̀ sí ìkejì. Awakọ̀ tó gbé àwọn ará Apọ́ngbọ̀n wá ti sọ fún wọn láti ilé pé òun kò ní wa ọkọ̀ gba òkè Ẹ̀fọ̀n ní alẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè kúrò létí omi, tí wákàtí tí wọ́n lò níbẹ̀ kò fi tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí wọ́n lò nínú bọ́ọ̀sì.

Onímọ̀ físíò tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ṣírò ohun tí yóò gbà láti bẹ̀rẹ̀. Irin ìdìmú létí omi kí arúgbó má baà yọ̀ ṣubú. Àga tí wọ́n lè jókòó lé nínú omi. Tẹmómítà, àti pátákó tí wọ́n kọ òótọ́ sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, àti nọ́ọ̀sì tí yóò máa lò ó. Ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọgbà máa ń ṣófo, ní owó tí ẹgbẹ́ alájọ lè dá. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó-Èkìtì fún ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́. Ó ní èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀ ni owó oṣù físíò méjì, òun sì mọ àwọn méjì tó ń múra ìrìn-àjò ìlú òyìnbó lọ́wọ́ nítorí wọn kò ríṣẹ́ tó gbámúṣé. Jámánì ni ọ̀kan nínú wọn ń lọ.